Bí Ìyá Kúdáì Ṣe Pàdánù Sàréè Ẹ̀ ní Mẹ́kà

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ìyá tó bí bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí gbogbo ẹbí wa fẹnu kò lé lórí: èmi ni mi ò jẹ́ kó kú sí Mẹ́kà. Tẹ́ ẹ bá pàdé bàbá mi ní Kúdáì, àdúgbò wa ní Mẹ́kà, ó máa sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa náà máa sọ ọ́ fún yín, á sì tún fi omi ojú díẹ̀ sí i. Obìnrin tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé ẹ̀ ní Mẹ́kà, tó ń mú àlejò kiri àwọn ibi ìtàn ibẹ̀, ilẹ̀ Jẹ́dà ló sùn sí lónìí, nítorí ọmọ-ọmọ ẹ̀ kan tó jáde sànáwìyá, ilé ẹ̀kọ́ girama ti ibí, tí ò sì mọ ọjọ́ kà. Ọmọ náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mùnírù lorúkọ ẹ̀.

Wọ́n ní èèyàn kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Ìyá Kúdáì, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá kan kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí gbogbo ẹni tó wá kí wọn ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, Ìyá Kúdáì jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ó ń fa tẹ̀súbáà ẹ̀ lọ. Nígbà tó sú u, ó gbójú sókè, ó ní: "Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yìn tó báyìí, tó bá jí báyìí, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ sá."

Torí náà, mi ò ní yìn ín jù. Ó lè jí.

Iṣẹ́ sìyárà ló ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá sí Mẹ́kà rí, ẹ mọ̀ ọ́n: tí iṣẹ́ ẹ̀sìn bá ti tán, ẹnìkan á kó yín sínú bọ́ọ̀sì, á mú yín lọ wo Òkè Núúrù, níbi tí Ànábì wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, Òkè Sáúrù, níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí, itẹ́ òkú Mùálà, níbi tí ìyàwó wọn àkọ́kọ́ sùn sí. Ìyá Kúdáì ló ń mú àwọn ọmọ Yorùbá kiri. Àwọn amọ̀nà yòókù máa ń sunkún bí wọ́n bá ń sọ ìtàn, àwọn àlejò náà á sunkún, gbogbo bọ́ọ̀sì á tutù. Tiwa kì í sunkún. Àwọn àlejò ẹ̀ nìkan ló ń sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ìtàn.

Àlàájì kan wà láti Ìwó, èèyàn gbàǹgbà, tó ti ń sọ látinú bọ́ọ̀sì pé òkè tó wà lẹ́yìn ilé àwọn ju Òkè Núúrù lọ, pé òun máa ń gùn ún kóun tó jẹun àárọ̀. A ò tíì dé ìdajì nígbà tó jókòó sórí òkúta, tó ń mí bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá Kúdáì ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn, sílípáàsì ló wọ̀. Ó gòkè dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó dúró tì í, ó wò ó dáadáa. Ó ní: "Àlàájì, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń gun òkè o. Gbogbo ẹran iléyá tẹ́ ẹ ti jẹ látọjọ́ yìí ló ń gùn yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe gidi nìyẹn, torí èmi náà jókòó. Ẹ̀yìn Àlàájì yìí ni mo fara pamọ́ sí pẹ̀lú omi tó yẹ kí n máa pín fún àwọn èèyàn. Ìyá Kúdáì nàka sí mi, ó ní kí àwọn àlejò má wojú èyí, kì í ṣe òkè ló ṣe é. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

Mùálà ló máa ń burú jù. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọbẹ̀, ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á máa wo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ, òkúta kéékèèké tí kò sórúkọ lára wọn. Lọ́jọ́ kan, Àlàájà kan láti Ìṣẹ́yìn fà Ìyá Kúdáì láṣọ. Ó ní bàbá òun wá sí Haji nígbà tóun wà lọ́mọdé, kò padà wálé, àwọn ará ibí ló sin ín. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni sàréè bàbá òun? Ohun tí àwọn amọ̀nà yòókù ń ṣe rọrùn. Wọ́n á nàka sí òkúta kan, èyí tó bá ṣáà ti wù wọ́n, obìnrin náà á sunkún tẹ́rùn, á ṣàdúrà fún wọn, á máa lọ. Mo rò pé ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo obìnrin náà lójú, ó ní: "Wọ́n ti sin ẹlòmíì lé e lórí, wọ́n sì ti sin ẹlòmíì lé ìyẹn náà lórí. Ẹ ò ní bàbá kankan níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ló kù."

Obìnrin yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, kò sẹ́ni tó lè gbé e dìde. Nígbà tá a padà sínú bọ́ọ̀sì, mo bi ìyá àgbà pé kí ló dé tí ò kàn nàka síbì kan. Ó ní irú mi ló ń fẹ́ kí wọ́n fi irọ́ ra òun lórí bí ọmọ ọwọ́. Ó wá sọ èyí tí gbogbo ilé wa ti mọ̀ sórí, pé ibẹ̀ lòun náà ń lọ, inú ilẹ̀ Mẹ́kà, láìlórúkọ, láìní òkúta tòun, kí wọ́n sin ẹlòmíì lé òun lórí. Kò tọrọ nǹkan mìíì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí i sí, kò fẹ́ kọ́lé, kò tiẹ̀ fẹ́ tún ìwé ìgbélùú ẹ̀ ṣe. "Ẹni tó bá ń wá mi," ó ní, "kó kí gbogbo ilẹ̀."

Òun ló kọ́ mi ní Yorùbá. Lárúbáwá ni àwọn àbúrò mi ń sọ. Bàbá mi pẹ̀lú, tí wọ́n bí sí Mẹ́kà, bí ìyá ẹ̀ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ló máa fi dáhùn. (Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn inú bọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ ọkùnrin kan ni mo bí, àlejò ni mo sì ń fún lóúnjẹ.") Ṣùgbọ́n èmi, ó mú mi jókòó, ó kọ́ mi ní kíkà, ó kọ́ mi ní kíkọ, pẹ̀lú àmì orí ẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò sànáwìyá mi jáde, tí máàkì mi kéré débi pé olùkọ́ mi ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó jókòó tì mí, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó wá là mí lóye. "Èébú ò dùn ní Lárúbáwá," ó ní. "Mo nílò ẹni tó máa yé."

Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnu ẹ̀ mú sí jù, Mẹ́kà kọ́ ló wà.

Kí Ìyá Kúdáì tó wá síbí, ó ti bí ọmọbìnrin kan sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ìyá ẹ̀ àti bàbá ẹ̀ wá sí Haji. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá tó bí Ìyá Kúdáì, oníṣọ́ọ̀ṣì sì ni ìyá náà. Ọkọ kú ní Mẹ́kà. Ìyá Kúdáì ò padà. Ó fẹ́ ọkọ mìíì, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, ó bí bàbá mi. Èyí tó fi sílẹ̀ dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó di nọ́ọ̀sì, nígbà tó sì yá, ó wá ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà. Àǹtí Fúnmi nìyẹn. Óbúhù ló ń gbé, lápá ibi tí òkun wà, níbi tí wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì àjèjì sí.

Láti Kúdáì sí Jẹ́dà, bí wákàtí kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ò gbọ́dọ̀ wọ Mẹ́kà. Àkọlé ẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ó sọ ibi tí Mùsùlùmí ń gbà àti ibi tí àwọn yòókù ń yà sí. Ìyá Kúdáì mọ èyí ju àwọn tó kọ ọ́ lọ. Síbẹ̀, fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, gbogbo ìgbà tí Àǹtí Fúnmi bá pè é pé Màmá, ẹ jẹ́ ká ríra, èsì kan náà ló ń fún un: ọmọ ló ń lọ kí ìyá, ìyá kì í lọ kí ọmọ; kó máa bọ̀ ní Kúdáì.

Nígbà tó gbọ́ pé Àǹtí àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jọ́sìn nínú pálọ̀ ẹnìkan lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò síṣẹ́, pé wọ́n ń rọra kọrin káwọn aládùúgbò má bàa gbọ́, oṣù kan ló fi ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. "Ọlọ́run wo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò?"

Lọ́dún kan, Àǹtí wọkọ̀ títí ó fi dé ibi àkọlé yẹn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pè. Èmi ni mo gbé fóònù sí ìyá àgbà létí torí ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun. Mo gbọ́ ọ ketekete. "Màmá, mo ti dé ibi tí mo lè dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi, ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Mo ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà mi. Ìyá Kúdáì po ìyẹ̀fun yẹn títí tó fi dán. Ó ní: "Èmi náà ti dé ibi tí mo lè dé." Ó ní kí n pa fóònù.

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ikùn. Dókítà pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀. Látọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá dá a lóhùn. Bí Ìyá Kúdáì ṣe mọ̀ pé òun máa kú nìyẹn.

Haji ti ń sún mọ́. Lójijì, lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní òun fẹ́ lọ sí Jẹ́dà fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí ló fẹ́ lọ ṣe? Sìyárà. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe ní Bàlàdì, ìyẹn àárín ìlú Jẹ́dà àtijọ́, pé gbogbo ayé ń rọ́ lọ wò ó, ó sì yẹ kẹ́ni tó mọ iṣẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́. Bàbá mi ò fẹ́. Ìwé ló ń bà á lẹ́rù. Ìkáámà Ìyá Kúdáì, ìwé ìgbélùú yẹn, ti kú tipẹ́. Láàárín ọdún, kò sẹ́ni tó ń dá arúgbó dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí Haji bá ti ń kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n á ti ọ̀nà: ẹni tí ò bá ní ìkáámà Mẹ́kà tàbí ìwé àṣẹ, wọ́n á dá a padà. Bàbá mi ní kí n wo ọjọ́ tí wọ́n máa tì í lórí fóònù mi.

Mo wò ó. Mo ní ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọjọ́ oṣù òṣùpá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi, ọ̀jọ̀gbọ́n, mo kà á sí oṣù òyìnbó. Ọ̀la gan-an ni wọ́n ń ti ọ̀nà. Mo sì pe ara mi lọ́mọ Mẹ́kà, tó ń gbààwẹ̀ látọmọ ọdún méje. Ológbò inú mọ́ṣáláṣí mọ oṣù òṣùpá jù mí lọ. Ìyá Kúdáì bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó yíjú sí gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́ o. Mùnírù ló sọ ọ́."

A gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò gbà láti dé sí Óbúhù. Kàràntínà ló ní ká lọ, níbi tí àwa adúláwọ̀ pọ̀ sí, èèyàn mẹ́fà nínú yàrá kan; ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó rìnrìn àjò fún wa ní yàrá. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsàárù, Àǹtí Fúnmi wọlé, ó wọ àbáyà dúdú, ó gbé ọsàn dání. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti fojú kan ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ò sì tíì já lẹ́nu ọmú dáadáa nígbà yẹn. Àǹtí kúnlẹ̀.

Ìyá Kúdáì wò ó látòkè délẹ̀. "Imú bàbá ẹ nìyẹn," ó ní. "Mo rò pé mo ti sin ín."

"Ẹ kú ìrìn, Màmá."

"Jókòó, Sìdíkátù."

"Fúnmiláyọ̀ ni, Màmá."

"Mi ò bí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sìdíkátù ni mo fi sílẹ̀. Tó o bá rí i, sọ fún un pé mo ti dé."

Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo rò pé Àǹtí máa dìde lọ. Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn. Ó bó méjì tán kó tó sọ̀rọ̀. "Màá sọ fún un."

Ọjọ́ kẹta la lọ sí Bàlàdì. Àǹtí yá kẹ̀kẹ́ aláìsàn níbi iṣẹ́ ẹ̀, èmi ni mo ń tì í, mo sì tì í bí mo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan mi: mo kó táyà sínú ihò òkúta lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá Kúdáì sì ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé wọ́n máa tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni Àǹtí fi ń rìn ládùúgbò yẹn, ó mọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi wọ́n hàn wá: ògiri tí wọ́n fi òkúta inú òkun mọ, fèrèsé onígi tó yọ síta bí àpótí, tí àwọn obìnrin ń jókòó sẹ́yìn ẹ̀ láti wo títì láìjẹ́ kí títì rí wọn. Ó mọ ìtàn sọ. Ojú Ìyá Kúdáì yí padà, ó di ojú ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ó ní ohùn Àǹtí kéré, ẹni tó bá wà lẹ́yìn ò ní gbọ́, á máa ronú oúnjẹ. Ó ní kó ké. Àǹtí ké. Àǹtí sọ ọdún tí wọ́n kọ́lé kan, ìyá ẹ̀ tún dá a dúró. "Má sọ ọdún fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń rántí ọdún. Ẹni tó kú níbẹ̀ ni kó o sọ."

Láti ibẹ̀ la lọ sẹ́nu géètì itẹ́ òkú tí wọ́n ní Ìyá wa Áwáwù sùn sí, ìyá gbogbo ọmọ aráyé. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ rí níbẹ̀. Odi ni, pẹ̀lú sàréè tó rí bákan náà. Ìta làwọn obìnrin ń dúró sí. Àǹtí sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: pé nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní ọgbà ìdẹ̀ra, ọ̀tọ̀ nibi tí ọkọ bọ́ sí, ọ̀tọ̀ nibi tí ìyàwó bọ́ sí, wọ́n wá ara wọn títí. Ó yíjú sí ìyá ẹ̀. Ó ní: "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò padà wá mú mi?"

Mo dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là, ibi tá a wà sì rọrùn fún un.

Ìyá Kúdáì ò yíjú. "Mo gbàgbé ẹ," ó ní. "Ní bí oṣù mẹ́fà, mo ń rántí. Lẹ́yìn náà, mo gbàgbé. Ìgbà tí mo fi máa rántí, wọ́n ní o ti wà nílé ọkọ."

Àǹtí bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ tó ti yọ̀ kúrò lórí irin kẹ̀kẹ́, ó tún un gbé síbẹ̀ dáadáa. Ó ní ká máa lọ, oòrùn ti ń wọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀, tó yẹ ká padà, mo pe awakọ̀. Ó bi mí pé ṣé mi ò sí láyé ni, ọ̀nà ti tì látijẹ́ta. Mo wo fóònù mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Mo sọ fún Ìyá Kúdáì lórí ìkúnlẹ̀, ó ní kí n pe bàbá mi, kí n ṣí fóònù sókè, kí n sì ṣílẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ilé yẹn yọ síta. Ó wá sọ ọ́ débi pé àwọn tó ń gbé lódìkejì títì gbọ́: òun ti fi gbogbo ayé òun bẹ Ọlọ́run fún sàréè kan ní Mẹ́kà, Ọlọ́run ti gbà, Mùnírù ló ní rárá. "Orí tó ń jẹ ìrẹsì lójoojúmọ́," ó ní, "ó yẹ kó lè ka oṣù."

Mo wá awakọ̀ kan tó ní òun mọ ọ̀nà aṣálẹ̀. Ìyá Kúdáì kọ̀, ó ní àgùntàn ni wọ́n ń fi ẹrù bò wọ ìlú. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ fi omi ojú yẹn fọ abọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò. Lójoojúmọ́, tí Àǹtí bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ láti òpin kan ìlú dé òpin kejì láti wá wẹ̀ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Kúdáì ń bú u. Ọwọ́ ẹ̀ tutù bí ọwọ́ ọlọ́pàá. Ọbẹ̀ ẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ṣé báyìí ló ń wẹ àwọn tó ń sanwó? Tó bá wẹ̀ ẹ́ tán, á ní kó sọ ìtàn ilé kan ní Bàlàdì fún òun. Àǹtí á bẹ̀rẹ̀. Á ní kó ké.

Òwúrọ̀ ló kú, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ wo lónìí. Mo sọ ọ́ fún un, ti oṣù òṣùpá, mi ò ṣì í. "O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí," ó ní. "Ó ti pẹ́ jù."

Nígbà tí Àǹtí fi máa dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, àwọn obìnrin Kàràntínà ti gbé omi kalẹ̀. Ó ká apá aṣọ ẹ̀, ó mú abọ́ omi. Ọ̀kan nínú wọn rọra gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kó má bínú, Mùsùlùmí ló ń wẹ òkú Mùsùlùmí. Àǹtí ti wẹ̀ ẹ́ láàyè lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jáde síta, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, apá aṣọ ẹ̀ ṣì wà ní kíká, títí wọ́n fi gbé e lọ.

Jẹ́dà la sin ín sí. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọ Mẹ́kà láàyè, kò sẹ́ni tó láyà láti gbé òkú ẹ̀ débi àyẹ̀wò. Ìkáámà tèmi ò tíì kú, mo padà wọlé. Nígbà fìdáù ọjọ́ kẹjọ ní Kúdáì, àlùfáà wàásù nípa àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ò mọ oṣù ẹ̀sìn wọn, gbogbo fìlà sì yíjú sí mi. Bàbá mi dúró dìgbà tí àwọn èèyàn lọ tán. Lárúbáwá ló fi sọ ọ́, ó ti padà sí Lárúbáwá: "Ìwọ lo jí sàréè ìyá mi." Látìgbà náà, kò tíì bá mi sọ gbólóhùn mìíì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kó kẹ̀kẹ́ aláìsàn yẹn lọ fún Àǹtí ní Óbúhù. Ó gbé ìrẹsì fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí. Mo ní òun Àǹtí ò lè wọ ibi tí ìyá ẹ̀ fẹ́ sùn tẹ́lẹ̀, èmi sì tún ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà pàápàá. Àǹtí gbé ṣíbí ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: "Ta ló sọ fún ẹ pé o gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó wá sọ fún mi. Ní bí ọjọ́ mẹ́ta ká tó kúrò ní Kúdáì, fóònù ẹ̀ dún, Ìyá Kúdáì ni. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò pè é rí. Kò kí i. Ó ní: "Ọ̀nà máa tì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo máa wọlé lọ́jọ́ Ajé." Àǹtí ní òun bi í pé báwo ló ṣe máa padà, ó ní ta ló bi í. Òun ní Màmá, sàréè yín ńkọ́? Ó ní ilẹ̀ ni ilẹ̀. Àǹtí wá bi í pé kí ló máa sọ fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, kí ló máa sọ fún gbogbo ará Kúdáì.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Mùnírù wà níbẹ̀. Orí ẹ̀ le, ó lè gbé e.'"

Mo rántí bó ṣe bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Ẹni tó ti ń ka oṣù òṣùpá kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ká ní mo ti kà á dáadáa, kí ló fẹ́ ṣe? Ó ti mọ̀ pé mi ò ní kà á dáadáa. Nínú gbogbo ohun tó gbára lé láyé, ìwà òmùgọ̀ mi ló dá a lójú jù.

Àǹtí ní ṣé kóun pe bàbá mi, kóun ṣàlàyé. Fóònù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rò ó. Tó bá pè é, ọrùn mi á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ará Kúdáì á máa sọ pé Ìyá Kúdáì fi Mẹ́kà sílẹ̀ lọ kú sọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi, tó ń gbé ìyá ẹ̀ lọ gbé e bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, á sì mọ̀ pé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí ló yàn, kì í ṣe òun. Mo ní kó má pè é. Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo èyí. Nílé wa, kò sẹ́lòmíì tó lè kà á.

Mo dìde. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ó tún ń jẹ mí lẹ́nu, mo padà. Mo bi Àǹtí pé nígbà tó ń sọ̀rọ̀ mi lórí fóònù yẹn, ṣé kò sọ nǹkan mìíì, nǹkan dáadáa kan, bó ti wù kó kéré mọ.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ní o máa bèèrè. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé rárá."